Iná tó ń ríran: kí ni okùn iná ọlọ́gbọ́n, kí ló sì kan ilé wa ní Parakou?

Lóṣù kẹta sí oṣù kẹrin, nígbà tí ooru bá mú Parakou tán, fáànù kì í sinmi nílé, àwọn tó ń ta omi dídì náà kì í gbọ́wọ́ kúrò lára fíríìjì. Tó bá di àṣálẹ́, gílóòbù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fíríìjì á máa kérora, nígbà míì iná á lọ pátápátá. Ọ̀kan lára ohun tó ń fà á ni pé ẹni tó ń pín iná kò rí ẹni tó ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń jẹ ẹ́ náà kò sì mọ ìwọ̀n tó ń jẹ. Ètò tí wọ́n fi ń wá ojútùú sí èyí ni wọ́n ń pè ní réseau intelligent lédè Faransé. Àwa á máa pè é ní okùn iná ọlọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Ibo ni iná wa ti ń wá?

Iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣeé kó sínú àká bí àgbàdo. Bátìrì lè pa díẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ owó rẹ̀ ò kéré. Ìwọ̀n tí ilé, ọjà àti ilé iṣẹ́ bá ń lò níṣẹ̀ẹ́jú kan ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa pèsè níṣẹ̀ẹ́jú yẹn gan-an. Bí ìlò bá ju ìpèsè lọ, àfi kí wọ́n pa apá ibì kan, kí gbogbo rẹ̀ má bàa wó lulẹ̀.

Ọdún 1968 ni Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà yẹn, àti Togo fọwọ́ sí àdéhùn tó dá CEB sílẹ̀, kí wọ́n lè jọ máa wá iná. Iná ti ìsédò Akosombo ní Ghana wá, iná sì ń gba okùn 330 kilovolt láti Ikeja West ní Nàìjíríà dé Sakété. Ìsédò Nangbéto, lórí odò Mono ní Togo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987 pẹ̀lú agbára mẹ́gáwáàtì 65. Nílé wa níbí, ilé ẹ̀rọ Maria-Gléta 2, tó lágbára mẹ́gáwáàtì 127, bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ní 2022, ti oòrùn tó wà ní Illoulofin, ní kọ́múùnù Pobè, fi mẹ́gáwáàtì 25 kún un.

Parakou wá jìnnà sí Cotonou ju 400 kìlómítà lọ. Okùn 161 kilovolt tó gba Onigbolo gòkè wá ló ń gbé iná dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ sì mọ̀ pé omi tó bá gba ọ̀nà jíjìn nínú páìpù kì í pé dé. Bí iná náà ṣe rí nìyẹn: díẹ̀ á di ooru lára wáyà, agbára rẹ̀ á sì rọ̀ kó tó dé ìparí okùn. Ìdí nìyẹn tí mímọ ibi tí iná ń lọ fi ṣe pàtàkì fún àwa tá a wà lókè ju ẹlòmíì lọ.

Kí ni ọgbọ́n inú rẹ̀?

Okùn iná àtijọ́ dà bí ìyálé tó ń bu oúnjẹ fún ọgbọ̀n ènìyàn nínú òkùnkùn. Kò mọ ẹni tó ti yó, kò mọ ẹni tó na àwo lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìkòkò bá fẹ́ gbẹ, ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe ni kó dé e.

Okùn ọlọ́gbọ́n tan fìtílà sí ìdí ìkòkò. Wọ́n á fi ẹ̀rọ aṣọ́nà sára tírànsífọ́mà, á máa sọ bó ṣe gbóná tó àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀, kó tó di pé ó jóná. Bí igi bá wó lu wáyà, àwọn tó wà nílé ìṣàkóso á ti òkèèrè yọ apá tó bàjẹ́ nìkan sọ́tọ̀, wọ́n á gba ọ̀nà míì fún ìyókù àdúgbò níná. Olè náà á hàn. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ: bí tírànsífọ́mà bá fi kWh 100 ránṣẹ́, tí gbogbo mítà abẹ́ rẹ̀ sì ka 80 péré, 20 ti sọnù. Ó lè jẹ́ wáyà ló gbó, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan so okùn mọ́ ọn lóru. Wọ́n á mọ àdúgbò tó yẹ kí wọ́n lọ wò.

Ní Benin, ìgbésẹ̀ ńlá kan wá láti inú àdéhùn tí ìjọba fọwọ́ sí pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní 2015, mílíọ̀nù dọ́là 375, tó parí ní 2023. Lára ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe ni ilé ìṣàkóso tí SBEE á ti máa wo okùn iná gbogbo orílẹ̀-èdè.

Mítà ara ògiri wa ńkọ́?

Mítà tá a ń sanwó sí ṣáájú, compteur prépayé, ní ọgbọ́n tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ra iná lórí fóònù, wọ́n fún yín ní nọ́ńbà 20, ẹ tẹ̀ ẹ́, iná wọlé. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí mítà yín nìkan ni wọ́n fi hun nọ́ńbà yẹn, ìdí nìyẹn tí ti aládùúgbò kì í fi í ṣí i. Ṣùgbọ́n mítà náà ń gbọ́ ni, kì í dáhùn.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 2024. Ọjọ́ inú irú àwọn mítà yìí, tí wọ́n ń kà láti 1993, kún tán ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá. Káàkiri ayé, wọ́n ní láti tẹ kóòdù àkànṣe sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ láti òkèèrè.

Ẹ fi wé Linky ti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sára ilé lópin 2015. Wáyà iná kan náà ló fi ń ránṣẹ́ dé ìdí tírànsífọ́mà, ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lọ. Ó lè tan ẹ̀rọ amómigbóná ní òru, nígbà tí iná dínwó, kó sì pa á láàárọ̀. Onílé náà lè rí ìlò rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tá a lè ṣe nílé báyìí

A ò ní láti dúró de mítà tuntun. Wáàtì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ fi wákàtì tẹ́ ẹ fi lò ó ṣe ìsọdipúpọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí 1.000: kWh nìyẹn.

- Gílóòbù àtijọ́, 60 wáàtì, wákàtì 5: kWh 0,3. LED 9 wáàtì, wákàtì kan náà: kWh 0,045.
- Fáànù 60 wáàtì, wákàtì 10: kWh 0,6.
- Áyọ́ọ̀nù 1.000 wáàtì, wákàtì 1: kWh 1. Fáànù yẹn á ṣiṣẹ́ ju wákàtì 16 lọ kó tó jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.
- Ẹ̀rọ amúlétutù tó bá ń fa 1.200 wáàtì láìsinmi, wákàtì 8: kWh 9,6.

Ẹ ka mítà yín ní aago méje alẹ́, ẹ tún kà á ní aago méje àárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí fíríìjì nìkan bá jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ lọ aṣọ lọ́sàn-án, kì í ṣe láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ tí gbogbo ìlú ń tan iná. Kẹ́ ẹ tó ra gílóòbù tàbí climatiseur, ẹ wo àmì ìlò iná tó wà lára rẹ̀. Láti 2018 ni àṣẹ ìjọba ti wà lórí àwọn méjèèjì.

Ta ni ìmọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀?

Mítà tó ń sọ̀rọ̀ mọ ìgbà tẹ́ ẹ jí, ó sì mọ ìgbà tí ilé ṣófo. Ó lè jẹ́ kí wọ́n pa iná yín láìwá sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì gbówó lé wákàtì alẹ́. Ní Nàìjíríà, láti oṣù kẹrin 2024, àwọn tó wà lórí okùn Band A ń san owó tó ga ju ti ìyókù lọ, torí wọ́n ṣèlérí wákàtì 20 lójúmọ́ fún wọn. Mímọ ìlò lè mú ìpín tó tọ́ wá. Ó sì lè jẹ́ kí ẹni tó lówó jẹun ṣáájú.

Òfin wà níbí: Code du numérique ti 2018 dáàbò bo ìròyìn ara ẹni, APDP ló sì ń mójú tó o. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mítà tuntun bá dé Okédama tàbí Banikanni, ẹ kí òṣìṣẹ́ náà dáadáa, kẹ́ ẹ sì bi í ní nǹkan mẹ́ta: kí ni mítà yìí á máa sọ nípa ilé mi, ta ló ń gbọ́ ọ, ibo ni èmi náà á ti máa rí i? Bí ilé iṣẹ́ iná nìkan bá lójú, tí onílé kò rí nǹkan kan, ìdajì òkùnkùn ṣì kù.