Bí A Ṣe Di Tíṣà



Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò tó 500,000 ní 1954 di ẹni tó ju 800,000 lọ lọ́dún kan. Tíṣà dà? Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kó wọ kíláàsì ni kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan. Pàṣán ni wọ́n gbójú lé.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá UPE sílẹ̀ ní September 1976, ó kan àwa náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ariwo kíláàsì mi ju ti ọjà lọ. Mo na ọmọ títí apá fi ń ro mí, ariwo ò dín. Tíṣà àgbà kan pè mí sẹ́yìn ilé, kójú má baà tì mí níwájú àwọn ọmọ. Wọ́n ní, "Ṣé o tiẹ̀ mọ orúkọ wọn?" N ò mọ̀ ju mẹ́ta lọ! Wọ́n ní kí n mọ orúkọ gbogbo wọn, kí n ti kọ iṣẹ́ sójú pátákó kí aago tó lù, kí n sì fi èyí tó ya pòkíì jù ṣe mọ́nítọ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kíláàsì ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pàṣán nìkan ṣe ogún fún wọn.