Ìṣètò àwọn fáìlì ìsopọ̀ láàárín Apache àti Tomcat

Ìṣètò àwọn fáìlì ìsopọ̀ láàárín Apache àti Tomcat ni ọ̀nà tí àwọn alábòójútó sẹ́fà ń gbà pín àwọn àṣẹ tó so sẹ́fà wẹ́ẹ̀bù Apache HTTP Server mọ́ Apache Tomcat sínú oríṣiríṣi fáìlì. Apache HTTP Server ló ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ aṣàwákiri wẹ́ẹ̀bù. Tomcat ló ń ṣiṣẹ́ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi èdè Java kọ, ìyẹn servlet àti JSP. Àfikún kan tó ń jẹ́ mod_jk, tí wọ́n ń fi kún Apache, ló ń gbé ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ èkíní lọ sọ́dọ̀ èkejì lórí ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní AJP. Ní ìhà Apache, àwọn fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni httpd.conf, workers.properties àti uriworkermap.properties. Ní ìhà Tomcat, server.xml ló ṣe pàtàkì jù.

Ohun tó mú kí ìṣètò yìí gba àkíyèsí ni pé orúkọ kan náà máa ń wà nínú fáìlì méjì tàbí mẹ́ta tí ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń kà. Bí ẹnì kan bá yí orúkọ náà padà nínú ọ̀kan, tí ó gbàgbé èkejì, sẹ́fà méjèèjì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìṣe àròyé kankan. Àwọn aṣàmúlò ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ìtàn

Apache HTTP Server jáde ní ọdún 1995. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi so ó mọ́ servlet ni Apache JServ, láti ara orúkọ yìí sì ni AJP ti wá, nítorí pé ìkékúrú Apache JServ Protocol ni. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ni Tomcat ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ James Duncan Davidson. Ní ọdún 1999 ni Sun fi í lé Apache Software Foundation lọ́wọ́, ọdún kan náà tí wọ́n dá àjọ ọ̀hún sílẹ̀. mod_jk ló rọ́pò mod_jserv àtijọ́. Wọ́n gbìyànjú láti ṣe mod_jk2, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì ní ọdún 2004, wọ́n sì padà sídìí mod_jk. Nígbà tí Apache 2.2 jáde ní ọdún 2005, ó bá àfikún mìíràn wá, mod_proxy_ajp, tó ń sọ AJP kan náà láìlo workers.properties rárá.

Ní ayé Tomcat 3.2, Tomcat fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ fáìlì kan tó ń jẹ́ mod_jk.conf-auto sílẹ̀ fún Apache nígbàkigbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀fìn ni fún ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àtúnṣe sínú fáìlì náà, nítorí Tomcat yóò kọ tuntun lé e lórí nígbà tó bá tún gbéra. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa ń da fáìlì náà kọ sí ibòmíràn pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kí ó tó máa tún un ṣe. Láti ibẹ̀ ni àṣà yíya fáìlì tí ẹ̀rọ ń kọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ènìyàn ń kọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń lo àwọn sẹ́fà wọ̀nyí.

Ìdí tí sẹ́fà méjì fi ń wà

Tomcat lè dá dúró. Ó ń dáhùn ìbéèrè HTTP lórí pọ́ọ̀tù 8080, ibi tó bá sì jẹ́ ètò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò pọn dandan kí Apache wà níwájú rẹ̀. Àǹfààní sísọ wọ́n pọ̀ ń hàn nígbà tí àdírẹ́ẹ̀sì kan bá ní láti gba ọ̀pọ̀ ètò mọ́ra, tí apá kan jẹ́ PHP, tí apá kejì jẹ́ Java, tí ìyókù sì jẹ́ àwòrán àti ìwé lásán. Bákan náà, lórí ẹ̀rọ irú Unix, ètò tó bá fẹ́ lo pọ́ọ̀tù tó kéré sí 1024 gbọ́dọ̀ ní àṣẹ alábòójútó àgbà. Apache mọ bí a ti ń fi àṣẹ yẹn gba pọ́ọ̀tù 80 àti 443, lẹ́yìn náà kí ó bọ́ àṣẹ náà sílẹ̀ kó tó máa dá àwọn aṣàmúlò lóhùn.

Àwọn fáìlì ìhà Apache

Àwọn ìlà àkọ́kọ́ lè wà nínú httpd.conf, ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n wà nínú fáìlì tiwọn, tí httpd.conf yóò fi àṣẹ Include pè:

LoadModule jk_module modules/mod_jk.so
JkWorkersFile conf/workers.properties
JkLogFile logs/mod_jk.log
JkLogLevel info

JkWorkersFile kò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kò sì gbọ́dọ̀ sí nínú VirtualHost kankan. Lórí Debian àti Ubuntu, inú /etc/apache2 ni àwọn fáìlì Apache ń gbé. Wọ́n pín in sí mods-available, sites-available àti àwọn mìíràn, àṣẹ bíi a2enmod àti a2ensite ni wọ́n sì fi ń mú wọn ṣiṣẹ́. Lórí Red Hat àti àwọn ìbátan rẹ̀, inú /etc/httpd/conf.d ni fáìlì kéékèèké ń wà. Ní ibi méjèèjì, bí Include bá pe ọ̀pọ̀ fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, bí álífábẹ́ẹ̀tì ti tò wọ́n ni Apache yóò ṣe kà wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn alábòójútó fi máa ń fi 00 tàbí 10 bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́: VirtualHost tí Apache bá kọ́kọ́ kà lórí pọ́ọ̀tù kan ni yóò gba gbogbo ìbéèrè tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti èyíkéyìí mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀ ni JkMount, àṣẹ tó ń sọ irú àdírẹ́ẹ̀sì tí Apache yóò fi ránṣẹ́ sí Tomcat. JkMount tó wà níta VirtualHost kì í wọ inú VirtualHost fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú httpd.conf, tí ó sì gbé ibùdó rẹ̀ sínú VirtualHost, yóò rí àṣìṣe 404, yóò sì máa wá ẹ̀bi lọ sọ́dọ̀ Tomcat tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní láti kọ JkMount sínú VirtualHost náà gan-an, tàbí kí ó fi JkMountCopy On sínú rẹ̀.

workers.properties

Nínú èdè mod_jk, Tomcat kọ̀ọ̀kan tí Apache lè rán níṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́. Fáìlì workers.properties ló ń sọ orúkọ òṣìṣẹ́, ibi tó wà àti bí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí ilé-ìwé kan bá ní ètò tó ń fi èsì ìdánwò hàn, tí Tomcat méjì sì ń pín iṣẹ́ náà ṣe, fáìlì náà lè rí báyìí:

worker.list=esi
worker.esi.type=lb
worker.esi.balance_workers=esi1,esi2
worker.awose.type=ajp13
worker.awose.port=8009
worker.esi1.reference=worker.awose
worker.esi1.host=192.168.1.11
worker.esi2.reference=worker.awose
worker.esi2.host=192.168.1.12

Òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ esi kì í ṣe Tomcat kankan. Irú lb ni, olùpín-iṣẹ́ láàárín esi1 àti esi2. Òun nìkan ló yẹ kó wà nínú worker.list, nítorí òun nìkan ni JkMount yóò dárúkọ. Awose pẹ̀lú kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi. Àwòṣe ni, tí àwọn yòókù fi reference yá ìwà rẹ̀, kí pọ́ọ̀tù àti irú ìlànà má baà di ohun tí wọ́n ń tún kọ lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti jẹ́ mẹ́wàá, ìyàtọ̀ tí èyí ń ṣe kò kéré.

uriworkermap.properties

Dípò kí àwọn ìlà JkMount pọ̀ nínú VirtualHost, alábòójútó lè kọ JkMountFile kan ṣoṣo síbẹ̀, kí ó sì kó àwọn àdírẹ́ẹ̀sì sínú uriworkermap.properties:

/esi|/*=esi
!/esi/aworan/*=esi

Ìlà kìíní sọ pé /esi àti gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti òṣìṣẹ́ esi. Ìlà kejì yọ àwọn àwòrán kúrò, kí Apache fúnra rẹ̀ lè pèsè wọn. Àǹfààní ńlá tó wà nínú fáìlì yìí ni pé mod_jk ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, ní ìṣẹ́jú àáyá 60 síra bí wọn kò bá yí i padà, ó sì ń gba àtúnṣe rẹ̀ láìjẹ́ pé Apache tún bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún workers.properties: Apache gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tuntun dé. Nítorí náà, ohun tó ń yí padà lójoojúmọ́ àti ohun tó ń yí padà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò yẹ kó jọ gbé inú fáìlì kan.

Àwọn fáìlì ìhà Tomcat

Nínú server.xml, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ bá ìhà Apache mu. Èkíní ni Connector, tó ń sọ pọ́ọ̀tù tí Tomcat ń gbọ́ AJP lórí rẹ̀. Èkejì ni jvmRoute lára Engine:

<Connector protocol="AJP/1.3" address="192.168.1.11" port="8009" secret="..." />
<Engine name="Catalina" defaultHost="localhost" jvmRoute="esi1">

Nígbà tí aṣàmúlò bá wọlé, Tomcat máa ń fún un ní àmì ìdánimọ̀ kan, JSESSIONID, tí jvmRoute yóò wà ní ìparí rẹ̀. Ara àmì yìí ni mod_jk ti ń mọ òṣìṣẹ́ tí aṣàmúlò náà ti bá pàdé tẹ́lẹ̀, kí ó lè dá a padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú server.xml àti èyí tó wà nínú workers.properties gbọ́dọ̀ bára mu láìsí ìyàtọ̀ lẹ́tà kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ esi1, tí èkejì sì jẹ́ tomcat1, mod_jk kò ní mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọlé, yóò tẹ ibi tí èsì rẹ̀ wà, Tomcat kejì tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò sì ní kí ó tún wọlé. Àṣìṣe yìí kì í hàn nígbà tí Tomcat kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn sì ni bí ọ̀pọ̀ ibi ìdánwò ti rí. Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ ni ó ń yọjú.

Àlàyé nípa ètò kọ̀ọ̀kan kò yẹ kó wà nínú server.xml, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tomcat gbà á láàyè, nítorí ìgbà tí Tomcat bá ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń ka fáìlì yẹn. Inú conf/Catalina/localhost ni fáìlì ti ètò kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà, fún àpẹẹrẹ esi.xml. Bí Tomcat bá ju ẹyọ kan lọ lórí ẹ̀rọ kan, CATALINA_HOME ni wọ́n ń pe ibi tí àwọn ohun àjùmọ̀lò wà. CATALINA_BASE ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, níbi tí server.xml tirẹ̀ ń gbé. Ètò yìí ń jẹ́ kí wọ́n lè pààrọ̀ Tomcat sí èyí tuntun láìfọwọ́ kan àwọn fáìlì ìṣètò.

Ààbò

Ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni ayé gbọ́ nípa àlébù CVE-2020-1938, tí wọ́n sọ lórúkọ Ghostcat. Kí ó tó di ìgbà náà, server.xml tó ń bá Tomcat wá ti máa ń ṣí Connector AJP sílẹ̀ lórí pọ́ọ̀tù 8009, tí yóò sì máa gbọ́ láti ojú gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ náà. AJP gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ pátápátá, torí wọ́n gbà pé Apache ni. Ẹnikẹ́ni tó bá lè dé pọ́ọ̀tù náà láti ìta lè ka àwọn fáìlì inú ètò, títí kan àwọn tó wà nínú WEB-INF, níbi tí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sínú àkójọ dátà ti sábà máa ń wà. Tomcat 9.0.31, 8.5.51 àti 7.0.100 ló tún un ṣe: Connector AJP kò ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́; inú ẹ̀rọ náà nìkan ló ń gbọ́ bí wọn kò bá fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì; ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí. Láti ìgbà náà ni secret ti di orúkọ mìíràn tó gbọ́dọ̀ bára mu ní ìhà méjèèjì. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, worker.awose.secret ni wọn yóò fi kún workers.properties, fáìlì ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ènìyàn lórí ẹ̀rọ náà lè kà mọ́. AJP kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà, nítorí náà kò yẹ kó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba kọjá.

Ewu tó jọ èyí wà nínú httpd.conf. Bí Alias tàbí DocumentRoot bá tọ́ka sí àpò fáìlì ètò Java kí Apache lè pèsè àwòrán inú rẹ̀, Apache lè fún aráyé ní web.xml pẹ̀lú, nítorí òfin tó dáàbò bo WEB-INF ti Tomcat ni, Apache kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi Require all denied tì í.

Ìyàtọ̀ sí mod_proxy

Pẹ̀lú mod_proxy_ajp tàbí mod_proxy_http, ibi tí Tomcat wà àti àdírẹ́ẹ̀sì tó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ jọ ń wà nínú VirtualHost kan náà. Fún ibùdó kékeré, èyí rọrùn ju mod_jk lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àdírẹ́ẹ̀sì tó gùn jù tó bá ìbéèrè mu ni mod_jk ń wò, ibi yòówù kó wà nínú fáìlì, nígbà tó jẹ́ pé ProxyPass tó bá kọ́kọ́ bá a mu ni Apache ń tẹ̀lé. Bí ProxyPass / bá ṣáájú ProxyPass /esi, /esi kò ní rí ìbéèrè kankan gbà láéláé.

Àyẹ̀wò

Àṣẹ apachectl configtest ń yẹ gírámà fáìlì Apache wò, httpd -S sì ń fi VirtualHost hàn bí Apache ti tò wọ́n. Kò sí èyí tó ń wo server.xml nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín sẹ́fà méjèèjì, inú fáìlì tí JkLogFile dárúkọ ló wà, bí JkLogLevel bá sì jẹ́ debug, yóò sọ òṣìṣẹ́ tí ó yàn fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. mod_jk tún ní òṣìṣẹ́ irú status, ojú ewé tó ń fi ipò àwọn yòókù hàn. Ojú ewé náà lè dá òṣìṣẹ́ dúró pẹ̀lú, nítorí náà àdírẹ́ẹ̀sì àwọn alábòójútó nìkan ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ fún.