Kọ̀ǹpútà Tó Sùn àti Iṣẹ́ Tó Wà Lọ́nà

Lọ́dún tó kọjá, a lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti gba ohùn bàbá àgbà kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá ọ̀kan nínú wa. Ọdún Kayokayo ni bàbá ń sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ṣe bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá síbẹ̀ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé e kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851. Orí fláàṣì nìkan ni ohùn náà wà. A padà dé Ìkòròdú, a ki fláàṣì bọ láptọ́ọ̀pù, a sì ń tún ohùn náà ṣe lórí rẹ̀ ni iná bá lọ. (Ìjẹ̀dẹ́, ní agbègbè Ìkòròdú níbí náà, ni ilé iṣẹ́ Egbin wà, ẹ̀rọ mẹ́fà, mẹ́gáwáàtì 1,320. Ṣùgbọ́n orí wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè niná rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ.) Ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù pa á dé kí bátìrì má bàa tán. Ó fa fláàṣì yọ, ó lọ lò ó lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ó padà wá kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù jí, gbogbo fáìlì ti dàrú. Bàbá náà sì ti papò dà.

Fláàṣì la kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọgbà LASU tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ló ní ká lọ ka ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ oorun sísùn.

Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní 1981, kò mọ oorun rárá. Ó wà ní títàn tàbí kó kú. Nígbà tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé kọ̀ǹpútà oníbátìrì káàkiri lọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1992, Intel àti Microsoft gbé ìlànà APM jáde. BIOS ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, bíi mègáàdì tó ti géètì láìbéèrè bóyá onílé ṣì wà níta. Ní oṣù Kejìlá 1996, Toshiba dara pọ̀ mọ́ wọn, ACPI sì dé. Láti ìgbà náà, Windows tàbí Linux fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ oorun.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tí o bá ní kí kọ̀ǹpútà tọ́jú fáìlì, ọ̀rọ̀ rẹ kì í dé orí díìsìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú RAM ló kọ́kọ́ ń wà. Lẹ́yìn náà ni draifa, ètò tó ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, á rán iṣẹ́ náà lọ. Díìsìkì pàápàá ní ibi kékeré kan tó ń kó ẹrù sí, ó sì lè dáhùn pé òun ti gbà á nígbà tí kò tíì kọ ọ́ síbì kankan. Báwo la ṣe máa ṣe iṣẹ́ tó ti kúrò nílé àmọ́ tí kò tíì délẹ̀, bí oorun bá dé?

Ẹ jẹ́ ká fi Orò Ìkòròdú ṣàlàyé, àwa obìnrin inú ẹgbẹ́ yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí Orò tó jáde, ẹni tó wà lọ́nà á yára wọlé. Ẹni tó fẹ́ jáde á dúró títí yóò fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni draifa tó dára ń ṣe: iṣẹ́ tó ti rán lọ gbọ́dọ̀ padà jábọ̀, iṣẹ́ tuntun á tò sẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò sì pàṣẹ fún díìsìkì kó kọ gbogbo ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dúró. Nígbà ìjí, ẹ̀rọ tó ń darí díìsìkì ló kọ́kọ́ ń jí, díìsìkì tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó tò.

Ṣùgbọ́n awo ṣì ń rìn níta lọ́jọ́ Orò. Àṣẹ "jí" fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rírán ni. Bí draifa bá dí gbogbo ọ̀nà, díìsìkì kò ní jí mọ́. Bó bá sì jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ kọjá, wọn á lọ bá ẹni tó ń sùn. Ọ̀rọ̀ ta ló jẹ́ awo yìí pẹ́ kó tó yanjú. Nínú Linux 5.11, tó jáde ní oṣù Kejì 2021, Alan Stern àti Bart Van Assche ṣì ń tún un ṣe, kí ó má bàa sí iṣẹ́ tí wọn yóò gbà wọlé nígbà tí díìsìkì bá ti sùn. Ó tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí APM!

Tiwa wá ńkọ́? Ilẹ̀kùn tì, iṣẹ́ tò, kò sí draifa tó ṣẹ̀. Àwa la gbé ilé náà kúrò nígbà tí wọ́n ń sùn. Láptọ́ọ̀pù jí pẹ̀lú bó ṣe rántí fláàṣì tẹ́lẹ̀, kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà mìíràn ti kọ nǹkan sí i. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó wà lórí RAM ló kọ lé ti tuntun. Àwọn tó ń ṣe Linux ti kìlọ̀ irú èyí nínú ìwé ìlànà wọn nípa ohun tó ń lo USB. Ta ní ń kà á?

Ìwé àjákọ tí a fi bírò kọ lọ́jọ́ tí a lọ sí Ẹ̀pẹ́ ló kù lọ́wọ́ wa, ojú ewé mẹ́rin. Orúkọ àwọn ìdílé tó bá Kòsọ́kọ́ wá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orin tí bàbá kọ fún wa kò sí níbẹ̀, torí a rò pé ẹ̀rọ ti gbà á.