Bí Ẹ̀kọ́ Pílánì Ilé Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Ẹni Tí Kò Lówó

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilé, nítorí pé onílé kì í ṣe aláìní ẹni tí yóò yìn ín. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jókòó ya àwòrán ilé náà kí bíríkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni: ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́, èló ni ó sì san?

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí Afárá Kẹta, tí ó gba Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí kọjá, tí ó sì yà sí Gbàgádà ní Kòṣọ́fẹ́, yóò rí ilé oríṣiríṣi, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ́fíìsì kékeré kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí àwọn ayàwòrán ilé mẹ́rin sọ pálọ̀ kan di ibi iṣẹ́. Ọ̀gá wọn mọ iṣẹ́, ara àwọn ọmọṣẹ́ sì yá gágá. Ṣùgbọ́n oníbàárà ti ń sọ pé kí wọ́n fi ilé òun han òun lójú kọ̀ǹpútà, tinú tòde, kí òun tó fọwọ́ sí i. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́n bí ojú. Ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìlò rẹ̀ náà ń béèrè owó lórí olúkúlùkù. Bí wọ́n bá san án, owó ilé ń bẹ níwájú. Bí wọn kò bá sì san án, oníbàárà yóò kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nígbà tí àwọn Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í padà láti ilẹ̀ Bràsíìlì ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1890, iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ẹrù wọn. Oko ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn tàbí òbí wọn ti jáde. Ṣùgbọ́n ní Bàhíà wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti bí a ṣe ń fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí ara ògiri. Àwọn ni wọ́n kọ́ Pópó Àgùdà. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó darí iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta fi owó ara rẹ̀ kọ́ ní òpópónà Martins. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ náà gan-an ni Shitta gba oyè Bey láti ọ̀dọ̀ Sọ́táànì ilẹ̀ Tọ́kì. Ọmọ Èkó kan tí ń jẹ́ Sanusi Aka ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ da Costa nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ Sanusi Aka yìí dáadáa. Àgùdà ìjọ Páàdì ni ọ̀gá, Mùsùlùmí ni ẹnìkejì rẹ̀, ilé Ọlọ́run Mùsùlùmí ni iṣẹ́ náà. Síbẹ̀ iṣẹ́ lọ geere. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ nígbà náà. Ọmọṣẹ́ kì í sábà kó owó ńlá sílẹ̀. Ọdún ayé rẹ̀ ni ó fi ń san án: yóò gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, yóò po sìmẹ́ńtì, yóò gbé àkàbà, yóò sì máa fi ojú jí iṣẹ́ títí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lè di ọ̀gá. Àléébù rẹ̀ ni pé inú orí ọ̀gá ni pílánì máa ń wà. Bí ọ̀gá bá kú, òmíràn nínú ìmọ̀ náà bá a wọ kàlẹ̀.

Ìjọba òyìnbó ní tirẹ̀ fẹ́ bébà. Ilẹ̀ níláti ní ìwọ̀n, ilé níláti ní àwòrán. Ní ọdún 1890 ìjọba rán Herbert Macaulay lọ sí Plymouth ní Ìlú Ọba láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì padà ní 1893 láti di sọ̀féyọ̀ ilẹ̀ ìjọba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni wọ́n rán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà náà ti tóóró tó, ẹ ka iye àwọn ọmọ bíríkìlà Èkó tí kò rí ọkọ̀ òkun wọ̀.

Ní 1934 ni wọ́n ṣí Yaba Higher College ní gbangba, inú àwọn ará Èkó kò sì dùn sí i tán, nítorí pé olùrànlọ́wọ́ òyìnbó ni ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ ń sọ ènìyàn dà. Ìbínú yẹn wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún náà gan-an. Ní 1947 ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ dé sí Yábàá, èyí tí a mọ̀ sí Yábà Tẹ́ẹ̀kì lónìí. Ní ti iṣẹ́ ayàwòrán ilé pàápàá, Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1952, wọ́n sì kó o lọ sí Zaria ní 1955. Ṣáájú ìgbà náà, òkun ni ọmọ tí ó bá fẹ́ ẹ níláti là kọjá, bí Oluwole Olumuyiwa ti ṣe nígbà tí ó lọ sí Manchester.

Ẹni tí kò rí Manchester, tí kò rí Zaria ńkọ́? Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlú Ọba a máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nínú àpò lẹ́tà, akẹ́kọ̀ọ́ a sì dá èsì padà. Lọ́nà ìdákẹ́kọ̀ọ́ nílé báyìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè Yunifásítì London nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní 1944 láì kúrò nílé. Owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n olùkọ́ inú lẹ́tà kò rí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìṣirò owó, èyí kò burú púpọ̀. Nínú àwòrán, ó burú, nítorí pé ẹni tí ó bá di rúlà mú lódì lè fi ọdún kan dì í mú lódì.

Ibi tí ẹ̀kọ́ dé rèé kí kọ̀ǹpútà tó wọlé. Ní 1963 ni Ivan Sutherland, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ènìyàn lè ya àwòrán sí ojú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tí ó lò tóbi ju ohun tí ọ́fíìsì lè rà lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1982 ni John Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé AutoCAD jáde fún kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì. Ní ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ kékeré kan ní Budapest dá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ArchiCAD sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀dù àti rúlà gígùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀.

Ní àtijọ́, ẹni tí ó bá ra AutoCAD rà á tán nìyẹn. Láti 2016 ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín ti dá irú títà bẹ́ẹ̀ dúró. Owó ọdọọdún ni wọ́n ń gbà báyìí, bí owó ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi dọ́là 1,500 ṣe ìṣirò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní báńkì, 690,000 náírà ni. Ní 2024, tí ó ti kọjá 1,400, ó di 2,100,000. Bí ẹ bá pín in sí owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ọdún náà là sílẹ̀, 70,000 náírà, owó iṣẹ́ oṣù 30 ni, fún ẹyọ ẹnì kan, fún ọdún kan. Kí ó má baà yà yín lẹ́nu pé àwọn ẹ̀dà tí a kò gba àṣẹ rí ẹni rà. N kò gbè wọ́n lẹ́yìn o: irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ a máa gbé kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà a sì lè parẹ́ lóru ọjọ́ kan.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2002 ni àwọn ènìyàn kárí ayé dá 100,000 yúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méje láti ra Blender sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, kí ó lè di ti gbogbo ayé. Ọ̀fẹ́ ni títí di òní, ẹni tí ó bá fi ṣiṣẹ́ owó kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. FreeCAD náà bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde, ohun èlò pílánì ilé sì wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lè lo AutoCAD lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ṣe iṣẹ́ oníbàárà.

Ohun èlò di ọ̀fẹ́ tán, ó ku ẹni tí yóò kọ́ni. Fídíò pọ̀ lórí fóònù bí eṣú, òun sì ni lẹ́tà Ìlú Ọba ti ayé òní: ó rọ̀ lówó, kò sì rí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, bí àwọn mẹ́rin Gbàgádà yẹn bá bi mí, n óò ní kí wọ́n má fi owó wọn sanwó fún ẹ̀kọ́ tí fídíò lè kọ́ wọn. Kí wọ́n kó ìwọ̀nba tí wọ́n ní jọ fún ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó wá jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ Sátidé méjì tàbí mẹ́ta, kí ó máa tọ́ka sí àṣìṣe lórí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an. Kí ọ̀kan nínú wọn kọ́ ọ jinlẹ̀ jù, kí òun sì kọ́ àwọn yòókù, bí ọmọṣẹ́ àgbà ti ń ṣe nílé da Costa. Kí wọ́n má sì gbàgbé owó jẹnẹrétọ̀. Èmi a máa gbàgbé rẹ̀ nínú ìṣirò tèmi.

Fún ìdánwò ọwọ́, ilé kò wọ́n ní Èkó. Kí wọ́n mú téèpù ìwọ̀nlẹ̀ lọ sí Pópó Àgùdà, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, kí wọ́n wọn ilé kan láti ẹnu ọ̀nà dé òrùlé, kí wọ́n sì yà á sínú kọ̀ǹpútà. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo iṣẹ́ da Costa. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì ti sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, kò sí mọ́. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.