Ta ni Olórin Ń Bá Sọ̀rọ̀? Ìfẹ́ nínú Orin Àríyá Yorùbá láti Ayé Háíláìfù

Nínú ilé wa ní Mọ́kọ́lá, abẹ́ tábìlì ni àpótí àwo orin bàbá mi máa ń wà, ọmọ kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní alẹ́ Sátidé ni bàbá máa ń gbé àwo kan sórí gírámafóònù, wọn á fẹ̀yìn tì, wọn á di ojú. Bí olórin bá ti ń ké sí olólùfẹ́ rẹ̀, ìyá mi á yọjú láti ilé ìdáná, wọn á ní, "Bàbá Àkànní, ta ni ọkùnrin yìí ń bá sọ̀rọ̀?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọn kò ní fèsì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe yí padà nínú orin Yorùbá, mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń kọ orin náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Orin òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ijó ni háíláìfù tó gbòde ní àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1960. Takọtabo ni wọ́n ń jó o: ọkùnrin á na ọwọ́ sí obìnrin, àwọn méjèèjì á sì jọ bọ́ sójú agbo. Irú ibẹ̀ yẹ ẹni tó fẹ́ bẹ ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ wo "Baby Jọ̀wọ́" ti Victor Ọláìyá. Láti orí àkọlé ni ẹ̀bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olórin sì fi pe obìnrin náà. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Aya, ìyàwó, àfẹ́sọ́nà, àlè, olúkúlùkù wọn ló ní ipò tí ẹbí ti yàn fún un nínú èdè wa. "Baby" kò ní àna, kò sì ní orogún. Orin náà sì lẹ́mìí gígùn. Ní 2013, nígbà tí Ọláìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun àti 2face tún un kọ, àwọn ọmọdé tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ háíláìfù sì ń jó o.

Ọdún 1966 ni wọ́n ṣí Òtẹ́ẹ̀lì Premier lórí òkè Mọ́kọ́lá, nígbà tí oòrùn háíláìfù ti ń wọ̀ lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1967 dá kún un, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọn fèrè níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlà-oòrùn tí wọ́n ti padà sílé. Jùjú ló gba ipò náà. Ní Haiti, níbi tí wọ́n ṣì ti ń bọ Ògún tí wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ wa, Nemours Jean-Baptiste dá orin kọ̀ńpá sílẹ̀ ní 1955, takọtabo sì ń di ara wọn mú jó o títí dòní. Mo gbà pé ìdí kan nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹni méjì kò fi kúrò nínú orin wọn. Tiwa yà sọ́nà mìíràn.

Agbo jùjú kì í ṣe agbo ẹni méjì. Òde ìnáwó ni: olúkúlùkù á dá jó, á kọjú sí olórin, àwọn ènìyàn á sì máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ìbàdàn ni wọ́n bí Túndé Nightingale sí ní 1922, ohùn rẹ̀ tó tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ ló sì fún un lórúkọ. "Ṣó wà ńbẹ̀" ni wọ́n ń pe irú jùjú tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí obìnrin fi sí ìdí ni wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí. Àwọn obìnrin olówó fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: lójú gbogbo ayé ni ìyìn náà ń ṣẹlẹ̀. Bí olórin bá yin ìyàwó ní òde, ọkọ tó ni òde náà ló ń yìn. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni "ààyò", bẹ́ẹ̀ kò sí ààyò níbi tí ìyàwó ti jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ dídùn ni fún ẹni tí a sọ ọ́ sí. Ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń kọ́?

Kí n má purọ́ mọ́ jùjú, I.K. Dáíró kọ "Salome" ní 1962, obìnrin kan ni ó sì fi orúkọ rẹ̀ pè.

Obìnrin ńkọ́? Ìṣẹ̀ǹbáyé wa fún un láyè láti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó Ọ̀yọ́ máa ń sun ẹkún ìyàwó kiri ilé, ṣùgbọ́n òbí ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rù ilé ọkọ ni ó ń sọ. Ọkọ fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀. Nínú orin àwo, Bàtílì Àlàkẹ́ gbé wákà jáde láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Salawa Àbẹ̀ní sì tẹ̀ lé e ní 1976, àmọ́ òde ìnáwó náà ni ọjà wọn. Àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n dàgbà ní Ìbàdàn, ló kọ orin tiwọn fúnra wọn, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwo mẹ́rin láàárín 1976 sí 1979. Lójú mi, a kò tíì fún wọn ní ìyìn tó tọ́ sí wọn.

Fóònù ló tún gbé orin kúrò ní òde, ó dá a padà sí etí ẹnìkan. Ní 2015, Adekunle Gold kọ "Orente", ó yin obìnrin tó fẹ́ ẹ láìwo owó. Ẹ fi èyí wé owó tí wọ́n ń lẹ mọ́ iwájú orí! Ní 2017, Simi kọ "Joromi", níbi tí obìnrin ti ń dúró kí ọkùnrin tí ó wù ú la ẹnu. Obìnrin ló sọ pé òun ń fẹ́. Ìyá mi kò gbọ́ irú rẹ̀ nínú àpótí bàbá mi. Àwọn olórin méjèèjì ṣe ìgbéyàwó ní 2019, wọ́n sì jọ kọ "Promise" nínú oṣù náà gan-an. Àwọn kan ní ọjà ni wọ́n fi ìfẹ́ wọn tà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ti kú. Àpótí náà ṣì wà, gírámafóònù ti bàjẹ́. Láìpẹ́ yìí ni ìyá mi ní kí n wá Nightingale fún wọn lórí fóònù. Mo rí i, wọ́n tẹ́tí sí i títí ó fi tán, wọ́n ní, "Ìyàwó olówó ni ó ń bá sọ̀rọ̀." Mo wá fi háíláìfù sí i. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tó bí mi, bàbá mi mú àwọn lọ jó irú eléyìí ní òtẹ́ẹ̀lì kan nígboro, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bàbá kò sì mọ̀ ọ́n jó rárá, wọ́n kàn ń tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ ni títí ilẹ̀ fi ṣú.