Iná Inú Ààtàn

Kí ọ̀rọ̀ ọ̀rá àti ike omi tó wọ̀ ọ́, ààtàn kì í ṣe ohun ìtìjú nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà. Èèpo iṣu, háhá àgbàdo, eérú ààrò, ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Ewúrẹ́ á jẹ nínú ẹ̀, adìyẹ á máa fẹsẹ̀ wà á. Bó bá pẹ́ díẹ̀, elégédé tí ẹnikẹ́ni ò gbìn á ti hù lórí ẹ̀. Ní ìlú àgbẹ̀ bí Ìgbàrà-Òkè, kò sẹ́ni tó nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ pé ilẹ̀ ààtàn ń mú kókò ta dáadáa. Nígbà táwọn àgbà bá sọ pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, ìyìn ni wọ́n ń fún un.

Ìgbà tí ìlú ń fẹ̀ ni nǹkan yí padà. Láyé àwọn òyìnbó, wòlé-wòlé á wọ agboolé, á yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú ẹ̀, á sì bá ẹni tílé ẹ̀ bá dọ̀tí ṣẹjọ́. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà ìbàjẹ́, ìmọ́tótó sì wà lára ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín nípa Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tí ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Ìdọ̀tí kúrò nílé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibo ló ń lọ? Ó ń lọ sẹ́bàá títì, láti ẹ̀bá títì ó ń lọ sí ààtàn ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń kó o lé ara wọn lórí títí tó fi di òkè.

Òkè yẹn yàtọ̀ sí ààtàn ẹ̀yìn ilé. Atẹ́gùn ò dé inú ẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí, tí wọn ò fẹ́ atẹ́gùn rárá, ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ tó rà níbẹ̀, gáàsì ni wọ́n sì ń tú jáde. Nǹkan bí ìdajì gáàsì náà ni methane. Methane yìí kan náà ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń fà láti Niger Delta lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná wa. Bí wọn ò bá gbà á sílẹ̀, á fò lọ sójú ọ̀run, níbi tó ti ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po 28 ju carbon dioxide lọ láàárín 100 ọdún. Ó sì tún lè gbiná. Ẹ rántí Ọlúsosùn ní Ọ̀jọ́ta, ní oṣù kẹta ọdún 2018, bí iná ṣe sọ ààtàn ńlá yẹn di èéfín tó bo àdúgbò. Irú iná bẹ́ẹ̀ ṣòro pa, torí pé ohun tó ń jó wà nísàlẹ̀, omi ò sì tètè débẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí aráyé ti mọ̀ pé ohun tó rà lè jó. Ní 1776, Alessandro Volta ará Ítálì fi igi ro ẹrẹ̀ etí adágún odò Maggiore, ó gba hóró gáàsì tó ń jáde sínú ìgò, ó sì ṣáná sí i. Ní 1895, wọ́n ń fi gáàsì inú kòtò ìgbẹ́ tan fìtílà ní ìlú Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Frederiksberg, ní Denmark, nígbà tó di 1903, wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí ìlú. Ìdọ̀tí yẹn ò kàn di eérú. Iná mànàmáná jáde níbẹ̀, ooru ẹ̀ sì gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ọ̀sìbítù àti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ti gáàsì inú ààtàn gan-an dé lẹ́yìn náà: ní 1975, ní Palos Verdes ní California, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n sì ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti Frederiksberg yẹn, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan èéfín jẹnẹrétọ̀ rí mọ̀ pé ó ń jóni. Nínú gáàsì 100 náírà tí ẹ́ńjìnnì bá jó, bí 35 sí 40 náírà ló ń di iná mànàmáná. Ìyókù ń di ooru, ooru náà sì ń lọ lásán. Bí a bá fi páìpù omi gba ooru yẹn, ohun tó wúlò nínú 100 náírà lè tó 80. Orílẹ̀-èdè olótùútù ń fi í móoru. Àwa ńkọ́? Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Nílẹ̀ Áfíríkà, Durban ló kọ́kọ́ fi gáàsì ààtàn ṣe iná mànàmáná, ìtàn wọn ò sì dùn tán. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ní 1980, wọ́n ṣí ààtàn ńlá kan sí Bisasar Road ní Clare Estate, àdúgbò tí àwọn ọmọ Íńdíà ń gbé. Ìjọba ìlú ṣèlérí pé àwọn máa tì í, wọn ò tì í. Nígbà tó yá, Báńkì Àgbáyé fẹ́ san owó torí gáàsì tí wọ́n máa gbà sílẹ̀. Sajida Khan, tí ilé ẹ̀ kọjú sí ààtàn náà, tí àrùn jẹjẹrẹ sì ń bá fínra, ní kò ṣeé ṣe: owó yìí á jẹ́ kí ààtàn máa wà síbẹ̀ ni. Ó jà débi pé Báńkì Àgbáyé fi Bisasar sílẹ̀, ó sì mú àwọn ààtàn Mariannhill àti La Mercy. Arábìnrin yìí kú ní 2007. Ìlú Durban parí iṣẹ́ Bisasar náà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó lè mú 6.5 megawatt jáde. Ti La Mercy ò gbérí, gáàsì ibẹ̀ ò tó.

Ohun méjì tí mo mú nínú ìtàn yìí: ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ààtàn ló ń fi ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ san owó iná náà, ààtàn kékeré ò sì lè bọ́ ẹ́ńjìnnì.

Addis Ababa gba ọ̀nà míì. Ààtàn Koshe wó lu àwọn èèyàn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2017, ó ju 110 lọ tó kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ Reppie lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí wọ́n kọ́ láti máa sun tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí 1,400 lójúmọ́. Èmi ò rò pé sísun ló yẹ wá. Ohun tutù ló pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí wa, èèpo èso, ẹ̀fọ́, oúnjẹ àjẹkù, ta ló sì ń fi igi tútù dáná?

Ti Ìbàdàn wù mí ju gbogbo wọn lọ. Nígbà kan, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màálù láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní Bódìjà máa ń ṣàn lọ sínú odò. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Joseph Adelegan, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Thailand, dá àbá pé kí wọ́n darí ẹ̀ sínú táǹkì tó dé pa. Gáàsì ìdáná á jáde lókè, ajílẹ̀ á jáde nísàlẹ̀. Wọ́n pè é ní Cows to Kilowatts, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ SEED ní 2005. Èyí ò dúró de kí ìdọ̀tí di òkè ná. Kò sì sẹ́ni tí wọ́n máa sọ pé kó fara da ààtàn torí iná.

Ní Akúrẹ́, nígbà ìjọba Gómìnà Olusegun Agagu, wọ́n dá ilé iṣẹ́ àtúnlò ìdọ̀tí sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìgbátòrò. Ajílẹ̀ ló ń ṣe, wọ́n ń pè é ní Sunshine, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ti fi gbin oríṣiríṣi nǹkan láti fi dán an wò. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ààtàn ẹ̀yìn ilé ló padà wá nínú àpò? Ajílẹ̀ àti gáàsì ò sì bára wọn jà. Ohun tó bá kù nínú táǹkì lẹ́yìn tí gáàsì bá ti jáde, ajílẹ̀ ṣì ni.

Ìgbàrà-Òkè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ò tóbi tó ìlú tí ààtàn ẹ̀ á bọ́ ẹ́ńjìnnì. La Mercy ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ wà lápá kan tó ń rùn, igi ìdáná wà lápá kejì, àwọn ìyá sì wà láàárín tí èéfín ń pa ojú wọn. Ẹni tó ń yan gàrí ò fi bẹ́ẹ̀ nílò iná mànàmáná, ooru ló ń wá. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan máa ń ni àwọn kòkòrò yẹn lára, àmọ́ bí wọ́n bá pò ó mọ́ ìgbẹ́ màálù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́. Gáàsì ibẹ̀ á wọ abẹ́ agbada gàrí tààrà. Bó bá ṣẹ́ kù, kí ẹ́ńjìnnì kékeré fi yí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, kí omi gbígbóná ara ẹ́ńjìnnì náà sì máa mú táǹkì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí àwọn kòkòrò náà ò fẹ́ òtútù.

Òfin ò dí wa lọ́nà mọ́. Láti 2024, ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń ṣàkóso ọjà iná mànàmáná tó wà nínú ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe Abuja. Ìpínlẹ̀ kan náà ni apá gúúsù ẹ̀ ti lo ọdún tó ju mẹ́wàá lọ nínú òkùnkùn. Ohun tó kù ni ẹni tó máa ya ọ̀rá kúrò lára èèpo kó tó wọ táǹkì, àti iye tí wọ́n máa san fún un.