Pyotr Romanovsky: Olùkọ́ tí Oyè Fò Dá

Nídìí ayò, ọ̀ta ni gbogbo ènìyàn ń kan sáárá sí. Ta ní í bèèrè ẹni tó kọ́ ọ? Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: Pyotr Romanovsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ọ̀gá nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì.

Ìlú St. Petersburg ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1892. Ní 1914, ó lọ díje ní Mannheim, ní ilẹ̀ Jámánì. Ibẹ̀ ni Ogun Àgbáyé Kìíní ká a mọ́, tí wọ́n sì fi òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí àhámọ́. Lẹ́yìn tó padà sílé, òkìkí rẹ̀ kàn. Ní 1923, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ Soviet. Ní 1927, òun àti Fedor Bohatirchuk ni wọ́n jọ pín ipò náà.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Lójú ọ̀pọ̀ òǹtayò, kíkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì kò ju kí a há ìbẹ̀rẹ̀ eré sórí lọ. Agbedeméjì eré ni Romanovsky kọ ìwé lé lórí ní 1929, níbi tí àkọ́sórí ti ń tán, tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ rò ó. Ó ní kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ète, kí àwọn ète náà sì so kọ́ra.

Ojú rẹ̀ rí màbo. Nígbà tí ogun sé ìlú Leningrad mọ́ ní 1941, ebi àti òtútù pa àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n ti fi àga àti tábìlì dáná tán kí àwọn olùrànlọ́wọ́ tó bá a láàárín ikú àti ìyè. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Ní 1950, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé fún un ní oyè International Master. Oyè Grandmaster tó ga jù ú lọ kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìtàn sọ pé ní 1954, àwọn aláṣẹ Soviet fúnra wọn ló fa ìbéèrè náà sẹ́yìn. Ìborí 1927 ni wọ́n gbé e kà. Bí Romanovsky bá gba oyè, ó di dandan kí Bohatirchuk náà gbà á. Bohatirchuk sì ti kó lọ sí Kánádà lẹ́yìn ogun, ó ti di ọ̀dàlẹ̀ lójú wọn. Bí ìka kan bá tọ́ epo, yóò ran àwọn yòókù.

Romanovsky kú ní 1964 láìgba oyè náà. Ṣùgbọ́n ní 2013, wọ́n tún tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí agbedeméjì eré jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, aláṣẹ lè fa oyè sẹ́yìn. Kò lè gba ẹ̀kọ́ padà lórí akẹ́kọ̀ọ́. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.